Bíà Ló Bí Fíríìjì

Kí fíríìjì tó wọ ilé ìdáná ẹnikẹ́ni láyé, ilé iṣẹ́ ọtí ló kọ́kọ́ wọ̀. Ní 1873, ní ìlú Munich ní Jámánì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Carl Linde gbé ẹ̀rọ tó ṣe láti máa mú nǹkan tutù lọ sí ilé iṣẹ́ bíà Spaten kí wọ́n lè dán an wò. Irú bíà tí wọ́n ń pọn níbẹ̀, tí a mọ̀ sí láágà, ìwúkàrà rẹ̀ kì í ṣe dáadáa nínú ooru. Nínú òtútù tó tó nǹkan bíi dígírì 10 ló ti ń ṣiṣẹ́ rere, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún fi ọtí náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yìnyín tí wọ́n bá gé lórí adágún nígbà òtútù ni wọ́n ń kó pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ láti fi la ìgbà ooru já. Ọdún tí òtútù kò bá mú tó, ìdààmú dé bá apọntí nìyẹn. Ìdí rèé tí àwọn onílé ọtí fi ti Linde lẹ́yìn. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù ti dé ọ̀dọ̀ alápatà, ó dé inú ọkọ̀ ojú omi, ó wá dé ilé tiwa níkẹyìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá mú fíríìjì àlòkù, tó lu ihò sí ilẹ̀kùn rẹ̀, tó gbé àgbá bíà sínú rẹ̀, tó sì fi ẹnu ẹ̀rọ síta kí ọtí tútù lè máa ṣàn bọ́ sínú ife, kò ṣe nǹkan àjèjì. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá fíríìjì sáyé ló dá a padà sí. Mo fẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń gbé Òṣòdì ní Èkó ṣe máa ṣe é, nítorí ó dá mi lójú pé kò sí àdúgbò tí iṣẹ́ yìí yẹ tó tibẹ̀. Ẹlẹ́rọ fíríìjì ń bẹ, wẹ́dà ń bẹ, káfíńtà ń bẹ, ilé iṣẹ́ gáàsì ń bẹ lójú títì márosẹ̀. Ilé ìwádìí tí wọ́n ti yẹ ọtí wa wò títí dé orí ọkà tí a fi ń pọn ọ́n náà ń bẹ níbẹ̀.

Láti Máfolúkù dé Ṣógúnlẹ̀, láti Ìlasamájà dé Ìsọlọ̀, agboolé tí kò ní fíríìjì tó ti kú kò pọ̀. Òmíràn ti di kọ́bọ́ọ̀dù àwo, òmíràn ti di ibi ìkó-ìwé-sí, òmíràn ń dúró de ọlọ́mọlanke tó ń ra páńtí irin kiri. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ka fíríìjì àlòkù àti kọ́ńpúrẹ́sọ̀ àlòkù mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ tòkúnbọ̀ ò wọ́n lọ́jà. Ọ̀pọ̀ èyí tí a pè ní òkú ni kò tíì kú. Rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ya, tàbí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí rílè tó ń ta kọ́ńpúrẹ́sọ̀ jí ti jóná. Fíríìjì tí kò lè sọ omi di yìnyín mọ́ pàápàá lè tó, nítorí bíà kò fẹ́ yìnyín. Dígírì 3 sí 4 ni bíà inú àgbá ń fẹ́, ohun tó sì ń fẹ́ jù ni kí òtútù náà dúró lójú kan, kó má lọ kó má bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Àgbá irin tí kì í dípẹtà, tí bíà kún inú rẹ̀, yóò jókòó nínú fíríìjì. Rọ́bà méjì ló wọ orí àgbá náà. Ọ̀kan ń gbé gáàsì wọlé láti inú sílíńdà, èkejì ń gbé bíà jáde lọ sí ẹnu ẹ̀rọ. Gáàsì náà ni kàbọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, èyí tó ń mú kí mínírà máa ta wá ní ọ̀fun. Bí ẹ bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ, gáàsì á ti bíà jáde. Bí ẹ bá pa á dé, gáàsì kan náà á máa ṣọ́ ọtí tó kù kí atẹ́gùn má baà dé ibẹ̀. Ìyẹn ni bíà àgbá fi ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, nígbà tí ìgò tí a ti ṣí kì í rí ọjọ́ kejì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù October 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gbà kí àgbàlagbà pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀ láìsan owó orí. Àgbá tí wọ́n wá rí lò kì í ṣe ti bíà rárá. Àgbá tí àwọn ilé iṣẹ́ mínírà ń kó omi dídùn sí ni, èyí tó ń gba lítà 19. Nígbà tí ilé iṣẹ́ mínírà bọ́ sórí àpò oníke, wọ́n ta àwọn àgbá náà ní ọ̀pọ̀, apọntí inú ilé sì rà wọ́n. Lítà 19 jẹ́ ìgò ńlá 31 àti díẹ̀ sí i. Àgbá lítà 50 tí ilé ọtí ń lò jẹ́ ìgò ńlá 83, bó bá sì kún, ó wúwo ju kílò 60 lọ. Fún yàrá àti pálọ̀ wa, lítà 19 tàbí 20 ni mo máa mú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan irin iṣẹ́ kankan, ẹ wọn inú fíríìjì. Ilẹ̀ inú ọ̀pọ̀ fíríìjì ṣe gegele lẹ́yìn níbi tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ wà, àgbá kì í dúró dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ìpele inú rẹ̀ kúrò, ẹ wá pákó tó le tí yóò ru ẹrù náà, nítorí gíláàsì tàbí ike tí a ṣe fún ìkòkò ọbẹ̀ kò lè gbé àgbá. Bó bá jẹ́ èyí tí fírísà wà lókè nínú rẹ̀, ẹ má fipá tẹ irin fírísà náà sókè láti wá àyè. Páìpù gáàsì wà lára rẹ̀, bó bá ya, iṣẹ́ ti parí.

Ibi lílu ihò ni a ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Inú ilẹ̀kùn kò ní páìpù gáàsì, nítorí náà ilẹ̀kùn ni ibi tó láàbò jù láti fi ẹnu ẹ̀rọ sí. Ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀. Fíríìjì àtijọ́ gbé páìpù gbígbóná rẹ̀ sí ẹ̀yìn, irin dúdú bí ògiri ọ̀pá tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀pọ̀ fíríìjì ìgbàlódé ti ri páìpù yẹn mọ́ inú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ojú kò sì rí i. Ẹ tan fíríìjì náà fún wákàtí kan, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ káàkiri. Ibi tó bá ń gbóná, páìpù wà níbẹ̀, kí dírílù má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sì wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tàbí ara kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Bí wọ́n bá kọ R600a síbẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ jẹ́ irú gáàsì tó lè gbiná. Ihò kan péré tó bá kan páìpù irú fíríìjì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iná tó ń ṣẹ́ wúruwùru nínú dírílù, lè dá ilé rú. Ẹlẹ́rọ fíríìjì tó mọṣẹ́ ni kí ẹ pè fún ibi yìí, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe gbogbo ìyókù.

Fírísà onídéèrí òkè ni èmi fẹ́ràn jù. Òtútù kì í tètè dà nù nínú rẹ̀ tí a bá ṣí i, nítorí afẹ́fẹ́ tútù a máa wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ara rẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ lu rárá, nítorí páìpù yí gbogbo rẹ̀ ká. Àmọ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ dùn mọ́ mi: káfíńtà yóò ṣe férémù pákó bí ọrùn, wọn yóò yọ ìdérí fírísà, wọn yóò gbé ọrùn pákó náà jókòó sí ẹnu rẹ̀, wọn yóò wá dá ìdérí padà sórí pákó. Inú pákó ni gbogbo ihò wà. Ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè tò síwájú rẹ̀, bí onílé bá sì fẹ́ lo fírísà rẹ̀ fún ẹja lọ́la, yóò kàn gbé pákó náà sọ̀ kalẹ̀ ni. Àfi kí ẹ ra tẹ́mósítáàtì ọ̀tọ̀ tó ń jókòó sí àárín wáyà fírísà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí yóò máa pa fírísà bó bá ti dé dígírì 3. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bíà yóò di òkúta nínú àgbá.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló gba sùúrù jù, nítorí ooru Èkó. Kàbọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tó wà nínú sílíńdà kì í ṣe gáàsì lásán, omi ló jẹ́ nítorí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Níbi tó tutù bí dígírì 20, gééjì sílíńdà yóò kà tó 830, ní òǹkà kan náà tí fọkanáísà fi ń wọn táyà. Bí ooru bá ti kọjá dígírì 31, kò lè jẹ́ omi mọ́ bó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó, òǹkà náà á sì máa sáré gòkè. Ọ̀sán Òṣòdì ń kọjá dígírì 31 láìsí wàhálà. Ẹni tó bá ra sílíńdà kó má ṣe tì í mọ́ inú bùútù ọkọ̀ kó tún lọ jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìyànà Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ kùtù ni kó gbé e, kó tò ó dúró, kó so ó mọ́lẹ̀, bó bá sì délé, inú fíríìjì tútù náà gan-an ni ibi tó yẹ ẹ́ bí àyè bá wà.

Àgbá lítà 19 kò lè gba òǹkà 830. Irin tó ń dín agbára gáàsì kù, tí gééjì méjì wà lórí rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín sílíńdà àti àgbá. Ohun tí bíà láágà ń fẹ́ kò ju 10 sí 12 lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so sílíńdà mọ́ àgbá tààrà láìsí irin yìí, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀gá tó. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fọkanáísà rọ́pò gáàsì nítorí ó sún mọ́ ilé. Atẹ́gùn tí a ń mí ń ba bíà jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, adùn rẹ̀ á dàbí ìgbà tí ènìyàn lá bébà páálí, ọ́ìlì inú ẹ̀rọ náà á sì tún dara pọ̀ mọ́ ọn. Kàbọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì tó mọ́ tó fún oúnjẹ àti ohun mímu ni kí ẹ béèrè fún, kì í ṣe gáàsì ìdáná. Kì í gba púpọ̀. Láti ti lítà 19 jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, gáàsì tí kò tó gíráàmù 100 ló ń lọ sí i, bí ibì kankan ò bá jò. Ọṣẹ àti omi lẹ ó fi wá ibi tó ń jò; ẹ fi pa gbogbo oríkèé, kí ẹ wò bóyá yóò hó.

Mo tún fẹ́ sọ èyí gbangba. Gáàsì yìí kò lóòórùn, ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ yàrá ló ń kóra jọ sí, ìsàlẹ̀ náà sì ni ẹni tó sùn sórí ẹní wà. Ẹ má gbé ẹ̀rọ bíà sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ọmọdé má baà ṣí i.

Ó yani lẹ́nu bí ìtàn ṣe ń yí po. Ojú títì Apápá sí Òṣòdì ni ilé iṣẹ́ BOC Gases Nigeria jókòó sí. Ní 2006, ilé iṣẹ́ tí Linde dá sílẹ̀ ní Jámánì ra gbogbo BOC lágbàáyé, tí orúkọ ọkùnrin tó ṣe ẹ̀rọ òtútù fún àwọn apọntí Munich fi kan Òṣòdì. Ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà báyìí, wọ́n sì ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Industrial and Medical Gases.

Ìfófó ni ẹjọ́ tí gbogbo ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ yìí máa kọ́kọ́ rò. Wọn á ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ife á kún fún ìfófó funfun, bíà á wà nísàlẹ̀ bí ìka méjì. Ọ̀pọ̀ á rò pé gáàsì ló pọ̀ jù, wọn á dín in kù, bíà á wá kú fin-ín-fin-ín. Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bíà tó wà ní dígírì 3 ń di gáàsì inú rẹ̀ mú pẹ̀lú òǹkà 12; bíà kan náà bó bá dé dígírì 10, òǹkà 12 kò lè dì í mú mọ́, àfi bíi 18. Ẹ fi tẹ́mómítà wọn bíà tó wà nínú ife, kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú fíríìjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo rọ́bà. Rọ́bà tí ihò inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 lọ, tó gùn tó mítà 2 sí 3, ni yóò mú kí bíà rọra dé ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gé e kúrú kó lè dára lójú yóò máa mu ìfófó títí. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà àlòkù, tí a gbé sí ìsàlẹ̀ fíríìjì kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sókè, máa ń wo àìsàn ìfófó inú ife àkọ́kọ́ sàn, nítorí ibi tí rọ́bà ti kan ilẹ̀kùn ló sábà ń gbóná. Tí ẹ bá sì ń bu bíà, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlàjì ṣíṣí ń bí ìfófó.

A ò lè sọ̀rọ̀ fíríìjì l'Óṣòdì ká má dárúkọ iná. Ní oṣù April 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, sókè dé ₦225 fún yúníìtì kan. Fíríìjì tó ń jẹ yúníìtì kan àtààbọ̀ lójúmọ́ yóò gba owó tó lé ní ₦10,000 lóṣù ní iye yẹn. Ẹni tí kò sí ní Band A, iná tirẹ̀ dín owó, ṣùgbọ́n ó ń lọ fún wákàtí púpọ̀. Ọ̀nà àbáyọ tó dùn mọ́ mi jù kò gba jẹnẹrétọ̀. Àpò píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ òrá 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìlàjì lítà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dì, tí ẹ sì tò ó yí àgbá ká kí iná tó lọ, ooru tí yóò fà mọ́ra kó tó yọ́ tán pọ̀ ju èyí tí a ní láti yọ lára odindi àgbá lítà 19 láti mú un wá láti dígírì 30 sí 4. Àpò omi kan ni mò ń wí yìí. Ẹni tó bá ní aládùúgbò tó ń ta omi dídì, ìṣòro rẹ̀ ti dín kù gidi.

Fún ìnáwó, fíríìjì tilẹ̀ kò pọn dandan. Kúlà ńlá tí a ká páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dípẹtà sínú rẹ̀, tí a da yìnyín àti omi bò ó, yóò mú bíà tutù bó ti ń kọjá lọ sí ẹnu ẹ̀rọ. Àgbá lè wà nítòsí, kí ó má tilẹ̀ tutù púpọ̀. Mo rò pé alásè tó bá gbé irú rẹ̀ dé òde ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó l'Éjìgbò, kì í ṣe ìgò lásán ni yóò bọ́ lọ́wọ́ kíkó, yóò bọ́ lọ́wọ́ kéèsì tó sọnù náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni fífọ rọ́bà. Ìwúkàrà àti èérí funfun a máa gbá mọ́ inú rẹ̀, kò sì sí bí fíríìjì ṣe lè dára tó tí bíà ò ní kan bí rọ́bà bá dọ̀tí. Oògùn ìfọ̀ tí a ṣe fún un, omi gbígbóná díẹ̀, omi tútù tó mọ́, ó parí.

Èwo wá ni bíà tí a fẹ́ fi sínú rẹ̀? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dun mi sí. Láti ọdún 1949 tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries l'Éèkó ni ìgò ti jọba. Wọ́n kọ́ gbogbo ọjà náà sórí kéèsì àti ìgò tí à ń dá padà, onílé lásán kì í sì í rí àgbá rà ní dípò tí wọ́n ti ń ta ọtí. Láti òkè òkun ńkọ́? Bíà náà wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà wọlé. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tán lè máa wá ohun tí yóò fi sínú rẹ̀.

Àdúgbò tí FIIRO wà kò yẹ kó máa jìyà báyìí. Láti 1956 ni wọ́n ti dá ilé ìwádìí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ yìí sílẹ̀, Òṣòdì sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì ọkà báálì wọlé ní 1988, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọtí ń wá ohun tí wọn yóò fi pọn bíà, àwọn onímọ̀ FIIRO wà lára àwọn tó ti ń ṣe ìwádìí lórí ọkà bàbà. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ omi tó gbóná ju ti báálì lọ kó tó yọ́, èròjà inú mọ́ọ̀tì tó yẹ kó sọ ọ́ di ṣúgà sì ti ń kú nínú irú ooru bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní láti pín iná sísè rẹ̀ sí ìpele, kí wọ́n sì fi èròjà mìíràn kún un. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa mọ́. Àwọn ìyá wa tó ń pọn ọtíkà ti mọ ọkà yẹn tipẹ́.

FIIRO yìí kan náà ló ṣe iṣẹ́ lórí ẹmu inú ìgò, tí a fi ooru pa ohun tó ń bà á jẹ́ kó lè pẹ́. Ọ̀nà àgbá ń bẹ fún ẹmu tútù pẹ̀lú. Ìwúkàrà ti wà nínú ẹmu láti orí ọ̀pẹ, kì í sinmi; láàárín ọjọ́ kan ó ti ń lọ sí kíkan. Dígírì 2 sí 3 yóò mú kó rọra, àmọ́ kò ní dá a dúró, nítorí náà àgbá ẹmu gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó ń tú gáàsì tó pọ̀ jù sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dé ẹmu tó ń hó mọ́ inú àgbá tí kò ní fáàfù ń fi ẹ̀mí ṣeré. Bí a bá ṣe é dáadáa, ẹmu àárọ̀ lè dé ife ní alẹ́ ọjọ́ kejì kí ó ṣì dùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ tà á, ó ní láti lọ gba nọ́ńbà NAFDAC, ilé àyẹ̀wò wọn náà kò jìnnà, Òṣòdì níbí ni.

Àgbá lítà 20 tí kẹ̀kẹ́ Márúwá lè gbé láti dípò dé ilé, tí a ó máa san owó ìdógò lé lórí bí a ti ń san án lórí kéèsì, ni mo ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ ọtí pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún wa. Ẹlẹ́rọ fíríìjì tó wà ní Bọ́ládé kò ní béèrè ju ìwọ̀n àgbá náà lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.